Lẹ́tà Ńlá, Lẹ́tà Kékeré: Bí Fáìlì Ṣe Ń Sọnù Nígbà Tí A Bá Ń Ṣe Ẹ̀dà

Gbogbo àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ni a mọ̀ pé ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Àmì ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò ka àmì sí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré rí láàrin kọ̀ǹpútà kan àti òmíràn.

Nínú ìlànà ASCII, 65 ni nọ́ńbà A, 97 sì ni ti a. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux gbà pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nítorí náà, Oriki.txt àti oriki.txt lè wà nínú fódà kan náà láìsí ìjà. Windows ní tirẹ̀ a máa tọ́jú orúkọ bí a ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ń wá fáìlì, kì í ka ìyàtọ̀ lẹ́tà sí, àfi tí a bá yí ètò rẹ̀ padà. Bákan náà ni Mac.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bí a bá ń kó fáìlì méjèèjì láti Linux lọ sórí Windows, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gba àyè. Bí èkejì bá dé, ètò mìíràn yóò bèèrè ohun tí a fẹ́ ṣe. Òmíràn yóò kàn gbé e lé ti àkọ́kọ́ lórí. Àpẹẹrẹ kan ni ẹ̀dà 5.10 ti Linux fúnra rẹ̀, tó jáde ní 2020: xt_DSCP.c àti xt_dscp.c jọ wà nínú fódà kan.

Bí èyí tó sọnù bá jẹ́ ìjálá tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu ọdẹ tó ti di olóògbé, ta ni yóò tún un sun fún wa?

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, ẹ jẹ́ kí a máa fi lẹ́tà kékeré nìkan sọ fáìlì lórúkọ, bíi oriki-1 àti oriki-2. Èkejì, bí orúkọ kò bá ṣeé yí padà, ẹ di gbogbo wọn sínú fáìlì tar kan, kí ẹ má sì tú u síta àfi lórí Linux. Ẹ̀kẹta, ẹ ka iye fáìlì kí ẹ tó kó wọn àti lẹ́yìn tí ẹ bá kó wọn tán. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ má ṣe pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.