Ẹ̀wà tí kòkòrò ò lè jẹ, ṣé èèyàn ló wá yẹ kó jẹ ẹ́?

Tá a bá dé ọjà, ẹ̀wà tí ò ní kòkòrò rárá ni gbogbo wa máa ń du. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè ni pé, kí ló lé kòkòrò ọ̀hún lọ?

Nígbà míì, DDVP ni, ìyẹn dichlorvos. Òun ló wà nínú Sniper. Àwọn kan tó ń kó ẹ̀wà pamọ́ máa ń fọ́n ọn sí i kí ọjà wọn má bàa bà jẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é fún oúnjẹ o.

Èròjà kan wà lára wa tó máa ń jẹ́ kí iṣan sinmi lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́. Èròjà yìí ni DDVP máa ń dí lọ́wọ́. Bó ṣe ń pa kòkòrò nìyẹn, bó ṣe ń ṣe èèyàn náà nìyẹn. Ẹni tó bá kó sí lára á máa làágùn, itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹ̀, á máa bì, ojú ẹ̀ á máa ṣe bàìbàì, kò ní lè mí dáadáa. Tó bá le, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Kò dìgbà téèyàn bá mu ún: ó ń gba imú wọlé, ó ń gba awọ ara wọlé.

Lọ́dún 2015, àjọ EU fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni wọ́n fàyè gbà. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa wà láàárín 0.03 sí 4.6. Irú èyí tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún, àwa ńkọ́ tá à ń jẹ ẹ́ nílé? Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà gbangba.

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sínú ìkòkò nìkan. Apakòkòrò tí wọ́n bá fọ́n lóko, òjò lè gbá a lọ sódò, kó pa ẹja. Ó tún ń pa kòkòrò oyin tó ń jẹ́ kí irè oko so. Ike rẹ̀ tó ti ṣófo, ẹ má fọ̀ ọ́ fi bu omi tàbí ra epo.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa. Ẹ rọ ọ́ kún ike tó ní ìdérí tó le, tàbí àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, kẹ́ ẹ sì dé e pa. Kòkòrò inú ẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, á kú láìsí oògùn. Èyí tẹ́ ẹ bá rà lọ́jà, ẹ rẹ ẹ́, ẹ da omi ẹ̀ nù, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìyẹn á dín oògùn kù, àmọ́ kò dájú pé á tán.

Tẹ́nì kan bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí sétí ìyá tó ń ta ẹ̀wà ládùúgbò yín. Kòkòrò ṣeé ṣà kúrò nínú ẹ̀wà. Májèlé ò ṣeé ṣà.