Kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi àti mẹ́gáàdì inú ara mi

Aago 8 àárọ̀, aago 8 alẹ́. Bí mo wà nínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gbà o, bí mo wà nílé ní Mushin o, tí fóònù mi bá ti dún, mo gbọ́dọ̀ lo oògùn mi. Kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń lò, ara mi ò sì tíì gbà pé tèmi ni.

Ẹ lè sọ pé, "Ṣebí bàbá kan, ìyá kan ni yín?" Ẹ gbọ́ ná. Àmì ìdánimọ̀ kan wà lára sẹ́ẹ̀lì wa tó ń jẹ́ HLA. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn mẹ́gáàdì inú ara, máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí wọn ò bá mọ̀, ìjà dé nìyẹn. Ọ̀dọ̀ bàbá la ti ń gba ìdajì àmì yìí, a sì ń gba ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 1 nínú 4 péré ni àǹfààní pé ti ọmọ ìyá ẹni máa bá tẹni mu pátápátá.

Ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ ni kò ní wàhálà yìí. Ní 1954, ní Boston, Dókítà Joseph Murray gbé kíndìnrín Ronald Herrick fún Richard, ìkejì rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́.

Àwa yòókù ńkọ́? Oògùn ni. Tí mẹ́gáàdì bá rí àlejò, ó máa ń fọn fèrè pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tacrolimus tí mò ń lò ò pa mẹ́gáàdì, fèrè yẹn ló ń dí lẹ́nu. Tó bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, fèrè á dún. Tó bá pọ̀ jù, ó lè ba kíndìnrín náà jẹ́.

Láti ọdún 2000 tí ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó ti kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà, àwọn dókítà wa ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ló le.

Lọ́dún kan, owó tán lọ́wọ́ mi, mi ò lo oògùn fún ọjọ́ márùn-ún. Nǹkan kan ò ro mí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí: ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá mi dúró sílé ìwòsàn, wọ́n fún mi ní oògùn tó lágbára, Ọlọ́run sì ṣe é, kíndìnrín náà ò kú.

Nítorí náà, ẹ má fún irú wa ní àgbo láìbi dókítà. Ibà kékeré pàápàá, ilé ìwòsàn ni, torí agbára mẹ́gáàdì wa ti dín kù. Ẹ má sì bi wá pé, "Ṣé o ò tíì jáwọ́ nínú oògùn yẹn?" Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi wá ni, "Ṣé oògùn rẹ ṣì kù?"