Ṣé Àrùn Ọpọlọ Òbí Ni Ogún Ọmọ?

Nígbà tí a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wò ní Ìlọrin níbí, a rí i pé ìgbìmọ̀ kò yá ọmọ ẹgbẹ́ kan lówó, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ gbèsè rí. Ohun tí wọ́n kọ ni pé: “Ìyá rẹ̀ ya wèrè.”

Ọkùnrin náà sọ fún wa pé bipolar ni àwọn dókítà pe àrùn ìyá òun. Nígbà mìíràn ara aláìsàn á yá gágá, kò ní sùn, á máa náwó ní ìnákúnàá. Nígbà mìíràn ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì tí kò fi ní lè dìde lórí ẹní.

Lóòótọ́ ni ó ń rìn nínú ẹbí. Nínú ènìyàn 100, bí ẹnì kan ni ó ń ṣe. Nínú ọmọ 100 tí òbí wọn kan ní in, ó lè tó 10. Ẹ̀yin akápò, ẹ bá wa yọ ọ́: 90 ni kò ní ṣe.

Jíìnì, ohun àbínibí tí ọmọ fi ń jọ òbí, kì í ṣe ẹyọ kan ni ó ń fa àrùn yìí. Ìwádìí ńlá kan ní 2021 rí ibi 64 tí ó kàn án, díẹ̀díẹ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá sí i. (Òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò.) Àìsùn àti igbó mímu náà lè ru ú sókè.

Ẹni tí ó bá sì ṣe, ìtọ́jú wà: lithium, oògùn tí John Cade dán wò ní Australia ní 1949, ṣì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

A dá ìwé náà padà. A ní kí ìgbìmọ̀ wo ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè onídùúró méjì lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.