Ilé Tiyín ní Amẹ́ríkà: Kí Ẹ Tó Gba Fọ́ọ̀mù Habitat

Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ilé fún láńlọ́ọ̀dù lóṣooṣù ní Houston, ní Maryland tàbí ní Atlanta, tí owó tó ń wọlé fún yín kò sì tó èyí tí báǹkì lè fi yá yín lówó ra ilé, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Ètò Habitat for Humanity la fẹ́ ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ aláàánú ni. Millard Fuller àti ìyàwó rẹ̀, Linda, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1976 ní Americus, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà nípasẹ̀ Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kan ìṣó lọ́dún 1984, tí kò sì jáwọ́ títí tó fi lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Wọn kì í pín ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ríra lẹ ó rà á, ẹ ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún san owó rẹ̀. Àánú tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í jèrè lórí rẹ̀. Ẹ̀yáwó ilé náà, ìyẹn mọ́gẹ́ẹ̀jì, kì í ní èlé ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka. Níbi tó bá sì ti ní in, wọ́n máa ń ṣètò rẹ̀ kó má baà wọ̀ yín lọ́rùn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń lépa ni pé kí owó oṣooṣù má ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìdílé yín lọ.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bóyá ilé tí ẹ ń gbé kò bójú mu, tàbí ó há jù, tàbí ó wọ́n jù, bóyá ẹ lè san gbèsè náà, àti bóyá ẹ ṣe tán láti bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ti ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ka àdúgbò yín gan-an ni kí ẹ lọ bi léèrè nípa iye owó tí ìdílé yín kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìgbà tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù, àti irú ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń fẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ń béèrè pé kí ẹni tó fẹ́ rà á jẹ́ ọmọ ìlú tàbí kó ní green card.

Ìwé ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí àjọ. Ká ní ẹ kó àjọ $5,000 lónìí, tí ẹ sì gbé e lọ sí báǹkì lọ́la. Ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò yóò rí owó ńlá kan tí kò mọ ibi tó ti wá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti béèrè. A kò ní kí ẹ má dá àjọ o. Àjọ ló gbé ọ̀pọ̀ wa dúró ní ìlú yìí. Ẹ kàn jẹ́ kí owó tí ẹ ń dá máa gba inú báǹkì jáde, kí olórí àjọ sì máa kọ orúkọ àti iye tí kálukú ń dá sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Ohun kejì ni pé àjọ kì í hàn nínú àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì. Ẹni tó ti dá àjọ fún ogún ọdún láìjẹ ẹnikẹ́ni lówó lè dà bí ẹni tí kò ní ìtàn kankan lójú Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà. Ẹ lọ sí AnnualCreditReport.com, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa yín. Tí ẹ bá rí gbèsè tí kì í ṣe tiyín, tàbí ti ilé ìwòsàn tí ẹ ti san, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń ní láti wádìí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Uber, tí ẹ ń dirun tàbí tí ẹ ń ṣòwò tiyín, owó tó kù lórí ìwé owó orí IRS lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò ni wọ́n ń kà. Awakọ̀ tó pa $48,000, tó wá yọ máìlì àti fóònù kúrò títí tó fi ku $19,000, ẹni tó ń gba $19,000 ni wọ́n máa kà á sí. Owó orí rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Ìwé owó orí ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè, nítorí náà ẹ tètè jókòó ti ẹni tó ń bá yín ṣe é.

Orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ nínú ìwé ìrìnnà, tí ẹ ń jẹ́ Grace níbi iṣẹ́, tí orúkọ ọkọ yín wà ní báǹkì, ẹ wá ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ilé ẹjọ́ tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ òógùn

Wọn yóò ní kí ẹ fi iye wákàtí kan ṣiṣẹ́ lórí ilé yín àti lórí ilé ẹlòmíràn. Iye náà yàtọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó sì lè lé ní 200 dáadáa. Kíláàsì nípa ìnáwó àti ìtọ́jú ilé máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé búlọ́ọ̀kù nìkan yóò rí i pé pákó ni ògiri níbẹ̀. Wọn yóò tẹ́ pákó gígùn méjì sílẹ̀, wọn yóò fi téèpù wọ̀n ọ́n, wọn yóò sì máa sàmì, ó sábà máa ń jẹ́ ínṣì 16 síra. Orí àmì kọ̀ọ̀kan ni pákó ìdúró ń wà kí wọ́n tó kàn án mọ́lẹ̀. Tí férémù bá pé, gbogbo ọwọ́ ló máa gbé e nàró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ dé ibi ìkọ́lé.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ pákó lè ṣe tirẹ̀ ní ọ́fíìsì tàbí ní ReStore, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga àti ohun èlò ilé. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọmọ ẹgbẹ́ yín lè fi wákàtí tiwọn ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má tijú láti bẹ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́

Ilé tí ẹ ó máa gbé fúnra yín ni. Ẹ kò lè fi í háyà. Tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹgbẹ́ náà sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ rà á. Owó orí ilé kì í tán, mọ́gẹ́ẹ̀jì ìbáà parí. Ní Texas àti Georgia, ẹ gba fọ́ọ̀mù homestead lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín kí owó náà lè dínkù. Ẹni tí kò bá béèrè kì í rí i gbà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè ta àyè fún yín lórí ètò yìí, gbájúẹ̀ ni. Òfin ilégbèé ọdún 1968 àti àtúnṣe rẹ̀ sì kọ̀ kí wọ́n fi àwọ̀, orílẹ̀-èdè tí ẹ ti wá, ẹ̀sìn, àìlera tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ dù yín ní ilé.

Tí wọn kò bá gbà yín, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún yín láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yín ti pé lọ́wọ́ wọn. Tí ìdí rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀. Ẹ má fa lẹ́tà náà ya. Ẹ pe 800-569-4287, níbi tí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé, ti ń júwe agbaninímọ̀ràn ilé tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì mú lẹ́tà náà dání lọ bá a. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni ẹ ó jọ máa tún ṣe kí wọ́n tó tún ṣí fọ́ọ̀mù.