Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ IVF wà!

Obìnrin tó bá ti fi IVF wá ọmọ rí, ọjọ́ kan wà tí kì í gbàgbé láéláé. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lójoojúmọ́ pọ̀ débi pé kò lè ka iye rẹ̀ mọ́, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá ọlẹ̀ padà sínú rẹ̀, á rántí tòwúrọ̀-tòwúrọ̀. Yóò dùbúlẹ̀ gbalaja, ìtọ̀ á ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ojú rẹ̀ á sì wà lára ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, dókítà ti ṣe tán. Ilẹ̀ tí ọkọ tà, àjọ tí ìyàwó kó, ẹ̀gàn tí ìyá ọkọ ti ń dà sí i lára láti ọdún yìí wá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń dúró dè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé tí ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin bá ti di ọ̀kan nínú abọ́ tí wọ́n pò wọ́n pọ̀ sí ní yàrá àyẹ̀wò, iṣẹ́ ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọlẹ̀ tó bá jáde níbẹ̀, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, kí wọ́n tó gbé e lọ sínú ilé ọmọ. Gbígbé yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Lesley Brown, ará Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́sàn-án lòun àti John ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, fi wá ọmọ. Tíùbù obìnrin náà ló dí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977, Dókítà Patrick Steptoe, Robert Edwards tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti Jean Purdy tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mú ẹyin kan ṣoṣo lára rẹ̀ nítòsí ìlú Oldham. Nígbà tí ọlẹ̀ náà pín sí mẹ́jọ, wọ́n dá a padà sínú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 1978, wọ́n bí Louise, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé.

Gbogbo ayé ló gbọ́ tiẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ló gbọ́ tàwọn tó ṣáájú ẹ̀. Láàárín ọdún 1969 sí 1978, obìnrin 282 ló yọ̀ǹda ara wọn fáwọn mẹ́ta yìí. Ìgbà 112 ni wọ́n dá ọlẹ̀ padà sínú ilé ọmọ. Ẹ mọ iye tó lóyún? Márùn-ún péré. Méjì péré ló sì bí ọmọ láàyè. Nígbà tí wọ́n fún Edwards ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2010, Purdy àti Steptoe ti kú.

Nílùú Èkó náà, kò sẹ́ni tó fún àwọn dókítà wa ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ló jọ ṣe é ní LUTH, n'Ídí-Àràbà. Látìgbà tí wọ́n ti ń bá a bọ̀, ọdún 1989 ni ọmọ tó dé.

Kí ló wá yí padà láti ìgbà Lesley Brown? Nígbà yẹn, ọwọ́ lásán ni dókítà fi ń mọ ibi tí rọ́bà dé nínú ilé ọmọ. Lónìí, wọ́n ń fi skáànù wò ó. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí obìnrin mu omi kó sì má tọ̀ nìyẹn, torí ìtọ̀ tó kún máa ń jẹ́ kí ilé ọmọ hàn dáadáa, ó sì máa ń mú kó nà tọ́ọ́rọ́. Àwọn dókítà mìíràn á ti kọ́kọ́ fi rọ́bà tó ṣófo dán ọ̀nà wò ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti kọ́rọ́.

Tó bá di ọjọ́ náà gan-an, wọ́n á nu omi tó ń yọ̀ lẹ́nu ilé ọmọ kúrò, kó má baà fa ọlẹ̀ padà síta. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á rọra tì í wọlé títí tí yóò fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì kó kan òkè ilé ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tú ọlẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá fi ipá ṣe é, tí ilé ọmọ bá gbọgbẹ́, á máa sún kì, ó sì lè ti ọlẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí obìnrin tó dìde, wọ́n á tún gbé rọ́bà náà lọ síwájú awò, kí wọ́n rí i pé ọlẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí àròsọ ti wá pọ̀ jù ni ẹ̀yìn ìgbà yẹn. Wọ́n á ní kí ìyàwó má ṣe dìde fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò gbọdọ̀ wú ikọ́, kò gbọdọ̀ tọ̀, kí ọlẹ̀ má baà já bọ́. Irọ́ funfun báláwú ni. Ọ̀nà ìtọ̀ yàtọ̀ sí ilé ọmọ, ara ilé ọmọ sì lẹ̀ mọ́ra wọn bí àpò tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ kò ṣe oore kankan.

Òmíràn ni àwọn tó ń bẹ dókítà pé kó fi ọlẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i, kí owó má baà ṣòfò. Oyún ìbẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè pa ìyá, àwọn ọmọ náà sì máa ń tètè jáde kí wọ́n tó gbó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń fi ẹyọ kan sí i báyìí, tí wọ́n á fi ìyókù sínú òtútù fún ìgbà mìíràn.

Síbẹ̀, bí ọwọ́ dókítà ti wù kó rọ̀ tó, ó lè má bọ́ sí i. Bí ọjọ́ orí obìnrin bá ṣe ń ga, pàápàá lẹ́yìn ọdún 35, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ọlẹ̀ tí kò pé kì í sì í dúró. Ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin kọ́ nìyẹn. Kì í ṣe torí pé ó gun òkè, tàbí pé ó lọ sọ́jà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi pe é ní àjẹ́.

Kí tọkọtaya tó kówó kalẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè: ta ni yóò gbé ọlẹ̀ náà wọlé? Ṣé skáànù ni yóò fi wò ó? Mélòó ló fẹ́ fi sí i? Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó sọ bó ṣe rí. Ọkọ tó bá jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ gún un, ti ṣe tiẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.