Ọmọ Tó Fẹ́ Kàwé Sí I: Ta Ni Yóò Fà Á Kalẹ̀?

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ti jáde ní yunifásítì la fẹ́ bá yín sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Agboyi, ní Kétu àti ní Ìkòsì, ọmọ ti gba dìgírì àkọ́kọ́ pẹ̀lú èsì tó dára, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì fẹ́ lọ gba oyè kejì ní òkè òkun. Owó tí wọ́n ń dá lé e ju ohun tí òwò tòmátì tàbí òwò ẹja lè gbé lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó ń bẹ tí àwọn yunifásítì fi ń ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí púpọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ọmọ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ nìkan gba ọ̀pọ̀ nínú owó yìí. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀.

Kí ni owó náà wà fún?

Sìkọ́láṣíìpù yìí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó gbégbá orókè nínú ìdánwò nìkan. Àwọn yunifásítì ṣàkíyèsí pé bó bá jẹ́ ọmọ olówó láti ìlú ńlá nìkan ló ń wọlé, ojú kan ṣoṣo ni wọn yóò máa fi wo ọ̀ràn ayé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ omíyalé. Ẹni tó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti kékeré, tó mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán tí Odò Ògùn sì kún, ó ní ìmọ̀ tí ẹni tó kà á nínú ìwé kò ní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya owó sọ́tọ̀ fún ọmọ tó wá láti ilé tàbí àdúgbò tí irú wọn kò pọ̀ nínú kíláàsì. Kì í ṣe sàráà.

Bí wọ́n ṣe ń fa ọmọ kalẹ̀

Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tó fẹ́ yáwó kì í dá dìde. Onídùúró ló ń bá a tọwọ́ bọ̀wé, onídùúró kò sì ní tọwọ́ bọ̀wé fún ẹni tí kò mọ ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ yìí rí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà wà fún ọmọ tó ń gbé Nàìjíríà gan-an. Ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ṣe ní Oxford lọ́dún 1959 ló bí sìkọ́láṣíìpù Commonwealth. Nílé wa níbí, Federal Scholarship Board wà lára àwọn tó ń fa ọmọ Nàìjíríà kalẹ̀ fún un. Lọ́dún 1986, wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Shared Scholarship, fún oyè kejì. Yunifásítì àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló jọ ń san owó rẹ̀. Ọmọ á kọ̀wé fún àyè, á sì kọ̀wé fún owó; yunifásítì ló máa yan ẹni tó wù ú nínú àwọn tó ń bọ̀, tí á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n sábà ń fẹ́ kí èsì rẹ̀ tó two-one. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí kò ní agbára láti san owó náà fúnra rẹ̀, tí kò sì tíì kàwé tàbí ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ní ilẹ̀ olówó.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ á kọ̀wé pé òun fẹ́ wọlé. Àwọn olùkọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà á ka ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, àwọn ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ gíga pé ẹni yìí ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó fìwé ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ti jókòó tán ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó tibẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀ náà tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú, nítorí náà, àwọn ẹbí wa tó ń gbé lọ́hùn-ún ló kàn jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Harvard àti yunifásítì North Carolina pé wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀yà tàbí àwọ̀ ara gba ọmọ wọlé mọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ti yí òfin sìkọ́láṣíìpù wọn padà. Síbẹ̀, ìdájọ́ kan náà gbà kí ọmọ sọ bí ẹ̀yà rẹ̀ ṣe kan ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀. Ìtàn tí ọmọ bá sọ ti wá ṣe pàtàkì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń pàdánù

Olùkọ́ tó fẹ́ fa ọmọ kalẹ̀ kò dé Agboyi rí. Ohun tó bá rí nínú ìwé ọmọ náà ni yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Àwa sì rèé, a ti kọ́ ọmọ wa pé kó má tú àṣírí ilé. Ọmọ á wá kọ ọ́ pé oníṣòwò ńlá ni ìyá òun, nígbà tó jẹ́ pé àtẹ tòmátì kan ló ní ní Mile 12. Ojú ń tì í, ó sì fi ìtìjú náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

A kò ní kí ọmọ máa sunkún sínú ìwé o. Kó sọ ọ́ bó ṣe rí, kó fi iye sí i. Bí àpẹẹrẹ: “Ìyá mi ń ta tòmátì. Láti kíláàsì kẹrin ni mo ti ń bá a ṣírò owó. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń sọdá. Bí omi bá kún, n kì í lè lọ sílé ìwé. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé yunifásítì nínú ẹbí wa.” Gbólóhùn márùn-ún péré ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ ti rí ohun tó máa sọ. Kò sì gbọdọ̀ fi irọ́ kún un. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ àwa ènìyàn dúdú ní fífa ọmọ kalẹ̀. Lọ́dún 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò dá owó jọ, wọ́n sì fi ọmọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí òkè òkun, ọ̀kan láti agbègbè kọ̀ọ̀kan, kí ibì kan má bàa gbé gbogbo rẹ̀. Egbert Udo Udoma, tó di adájọ́ àgbà ní Uganda lẹ́yìn náà, wà nínú wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọdún tó kẹ́yìn, kó ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí:

Èkíní, kó tètè béèrè ìwé èsì, tí wọ́n ń pè ní transcript, torí ó máa ń pẹ́ kó tó jáde.

Èkejì, kí ọmọ mú olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n dunjú, kó bẹ̀ wọ́n fún lẹ́tà kí wọ́n tó gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kó ka òfin sìkọ́láṣíìpù náà lọ́dún tó fẹ́ kọ̀wé, torí òfin ń yí padà. Ìparí ọdún ni wọ́n sábà ń tilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹrin, bí owó ìwé wọ̀nyí bá fẹ́ dí i lọ́wọ́, kó wá bá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó sọ̀rọ̀ kó tó di ọ̀ràn kánjúkánjú.

Ìkìlọ̀ kan ló kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè bá yín fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún sìkọ́láṣíìpù Commonwealth, oníjìbìtì ni. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ pe ọmọ yín jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọjà bá ti tú. Ẹ sọ fún un pé kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ tí ẹ fi tọ́ ọ, kó kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí. Ẹnu yín ló yẹ kó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.