Kí ló dé tí smartwatch yín kò gbaná mọ́?

Bí fóònù bá kọ̀ tí kò gbaná, ẹni tó ni ín yóò yá ṣájà aládùúgbò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ bóyá fóònù ló ní àrùn tàbí ṣájà. Smartwatch kò fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ṣájà Apple Watch kò lè fún aago Garmin ní iná, ti Garmin kò bá ti Fitbit mu. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Íkẹjà gan-an kì í sábàá lo ṣájà kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn jọra. Ṣájà kan ní ẹsẹ̀ méjì, òmíràn ní mẹ́rin. Àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀ sì lè fi díẹ̀ yàtọ̀, kí òòfà ṣájà gbá aago mú pinpin, síbẹ̀ kí iná má kọjá rárá.

Àjọ EU tilẹ̀ ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ ṣájà. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ló ti di dandan kí fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun mìíràn tí wọ́n bá ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà máa lo ojú USB-C kan náà. Smartwatch kò sí nínú òfin yìí. Ara aago kéré, ó sì gbọ́dọ̀ dí kí omi má bàa wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò níbi tí èèyàn lè lu irú ihò bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ni iná ń gbà wọ inú wọn, ẹ̀yìn yìí kan náà ló sì ń fara ro awọ wa láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà wọlé. Nínú ti àkọ́kọ́, irin ló ń kan irin: ṣájà ní ẹsẹ̀ irin wínníwínní tó ní sípíríìǹgì nínú, ẹ̀yìn aago sì ní ojú irin tí ẹsẹ̀ náà ń sinmi lé. Fitbit, Garmin àti Mi Band ti Xiaomi ni a mọ̀ mọ́ èyí. Nínú ìkejì, irin kì í kan irin. Wáyà tí wọ́n ká róbótó wà nínú ṣájà, òmíràn wà lẹ́yìn aago. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ nínú ti ṣájà, agbára òòfà tó ń tibẹ̀ jáde yóò jí iná nínú ti aago. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàwárí èyí ní 1831. Òun ni Apple Watch ti ń lò láti ìgbà tó ti jáde ní 2015, òun náà ni ti Galaxy Watch. Google fi í bẹ̀rẹ̀ Pixel Watch ní 2022, ó sì padà sí ẹlẹ́sẹ̀ irin nígbà tó gbé Pixel Watch 2 jáde ní 2023. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yí aago dojú dé, kí ẹ wo èyí tó jẹ́ tiyín, torí àrùn wọn kò jọra.

Ẹlẹ́sẹ̀ irin ni òógùn ń bá jà jù. Iyọ̀ wà nínú òógùn, òróró wà lára awọ, ìpara àti ọṣẹ tí a fi wẹ̀ náà sì máa ń ṣẹ́kù sábẹ́ aago. Gbogbo wọn á gbẹ mọ́ ojú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé èèyàn lè má tètè rí i, síbẹ̀ ó tó láti dènà iná. Èyí tó wá burú jù ni kéèyàn bọ́ aago lẹ́yìn eré ìdárayá, kó sì gbé e lé ṣájà tòun ti òógùn lára rẹ̀. Iná tó bá gba inú omi iyọ̀ kọjá láti irin kan sí èkejì máa ń jẹ irin náà ni. Ìdí nìyẹn tí ojú irin ẹ̀yìn aago mìíràn fi máa ń dúdú, tàbí kí àwọ̀ ewé yọ lára rẹ̀. Lójú tèmi, nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó yẹ kéèyàn fura sí òógùn ṣáájú bátìrì.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gbówó. Ẹ yọ ṣájà kúrò lójú iná ná. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù tó rọ̀, ẹ kán sípíríìtì díẹ̀ sí i, kí ẹ rọra fi fọ ojú irin ẹ̀yìn aago. Ẹ má jẹ́ kó kan bẹ́líìtì tó bá jẹ́ awọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ẹsẹ̀ ṣájà pẹ̀lú. Aago nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń nù, wọn kì í rántí pé ìdọ̀tí kan náà ti ràn mọ́ ṣájà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ ha á, torí góòlù fẹ́lẹ́ tí wọ́n sábàá fi ń bo irin náà ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Ẹni tó bá ha á kúrò ti ṣílẹ̀kùn fún ìdógùn-ún nìyẹn. Bó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ṣájà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó wọlé, kó sì ta padà. Èyí tó bá ti há sínú kò lè kan aago mọ́, bó ti wù kí òòfà lágbára tó.

Ti aago tó ń lo ọ̀nà Faraday yàtọ̀. Agbára náà kì í rìn jìnnà. Àlàfo díẹ̀ báyìí, ó ti ń dín kù. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú ṣájà látilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àbí ike ìdáàbòbò tí ẹ fi wọ aago ni kò jẹ́ kó sùn pẹrẹsẹ. Bí irin bá kó sáàárín, irin náà ni yóò gba agbára, tí yóò sì máa gbóná, torí náà ni ọ̀pọ̀ ṣájà ṣe máa ń dáṣẹ́ dúró fúnra wọn. Ẹ má sì gbé Apple Watch lé pẹpẹ ìgbaná fóònù kí ẹ wá máa retí iṣẹ́ ìyanu. Ìlànà wọn kò dọ́gba.

Ẹ tún wo ibi tí iná ti ń wá. Bátìrì aago kéré púpọ̀: Galaxy Watch4 oní-40mm ní 247 mAh, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ń lọ sí 5,000. Iná tí aago ń fà kò tó nǹkan, débi pé àwọn power bank kan máa ń rò pé kò sí ohunkóhun lẹ́nu wọn, wọ́n á sì pa ara wọn. Aago á gbaná díẹ̀, á dákẹ́, olówó rẹ̀ á ní ó ti bàjẹ́. Ẹ fi ṣájà fóònù tó dára gbé e sójú iná gidi kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Iná gidi náà ní ìwọ̀n o: 100 sí 240 fóòtì ni wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ ṣájà. Bí iná NẸ́PÀ bá rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gílóòbù ń pọ́n, ẹ má retí pé aago yóò gbaná dáadáa.

Aago tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù púpọ̀ ní ọ̀ràn tirẹ̀. Bí iná inú bátìrì lítíọ́ọ̀mù bá lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ yóò tilẹ̀kùn kí bátìrì má bàa bàjẹ́ pátápátá. Ẹni tó ti gbààwẹ̀ pẹ́, ẹ̀kọ mímu ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un, kì í ṣe iyán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń fi iná tó kéré gan-an jí bátìrì náà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ojú aago lè ṣókùnkùn biribiri. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni Apple ní kéèyàn fi sílẹ̀ lórí ṣájà kó tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń yọ ọ́ wò ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ń dá ara wọn dúró ni.

Kì í sì í ṣe bátìrì nìkan ló lè kọṣẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn Series 5 àti SE kan tó ń lo watchOS 7.2 tàbí 7.3 kọ̀ láti gbaná lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ ipò Power Reserve. Ètò inú aago ló lẹ́bi. Ilé-iṣẹ́ náà gbé 7.3.1 jáde, ó sì ní òun yóò tún èyí tó bá ti kú ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí rèé tó fi yẹ kéèyàn pa aago kó sì tún un tàn kó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Ti Apple Watch, bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ àti èyí tó ń yí ni ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ pọ̀ títí àmì ilé-iṣẹ́ náà yóò fi yọ. Bí iná bá sì dúró sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ pé aago ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ ni, tàbí pé ooru ti pọ̀ jù. Apple ní kí ibi tí aago wà má gbóná kọjá 35°C, ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn ọ̀sán sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, bátìrì lè ti gbó. Apple ní tòun yẹ kó ṣì máa gba tó 80 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ìgbà 1,000 tó bá ti gbaná kún. Ẹni tó ń fún aago ní iná lójoojúmọ́ yóò dé ibẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́ta. Aago olówó ńlá tó láti tún ṣe. Ti olówó pọ́ọ́kú kò tó o: gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa, ẹni tó bá ṣí i kì í sábàá lè dá a padà kó má gbomi sára mọ́. Ẹ ra òmíràn.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kò gba sùúrù: kí bátìrì wú débi pé ojú aago ń gbéra sókè, tàbí kí ara rẹ̀ gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Fitbit ní kí àwọn tó ra aago Ionic dá a padà, lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ tó tó 115 ti wọlé ní Amẹ́ríkà pé bátìrì rẹ̀ gbóná jù, tí 78 nínú rẹ̀ sì sọ pé ó jó èèyàn lára. Nítorí náà, bí bátìrì bá ti wú tàbí tó ń gbóná jù, ẹ yọ aago kúrò lórí ṣájà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sínú iná ààtàn. Ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọdé àti ohun tó lè tètè jóná, títí ẹ ó fi fà á lé ẹni tó mọ̀ nípa bátìrì lọ́wọ́.